Ṣé kí n yé sọ Yorùbá sí Kẹ́hìndé?

Ẹ̀yin òbí tó ti pẹ́ lókè òkun jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Maryland ní Amẹ́ríkà la wà. Àwọn ìbejì mi pé ọdún márùn-ún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kindergarten. Ilé-ìwé fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i kí speech therapist wọn lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu Kẹ́hìndé wò. Wọn ò dárúkọ Táyé. Tíṣà wọn tún sọ fún mi pé bóyá ká yé sọ Yorùbá nílé, pé òun ló ń da ọmọ náà lórí rú. Ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú ní kí n má fọwọ́ sí nǹkan kan, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ fi orúkọ burúkú pe ọmọ mi. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fọwọ́ sí ìwé náà, ẹ má sì yé sọ Yorùbá.

Àṣẹ ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní àléébù, tí wọ́n ń pè ní IDEA, tó ti wà láti 1975 kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà, ní ilé-ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò yìí láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá sì parí àyẹ̀wò tí wọ́n ní ọmọ nílò ìtọ́jú, wọ́n tún gbọ́dọ̀ padà wá gbàṣẹ lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀. Ọjọ́ 60 ni òfin ìjọba àpapọ̀ fún wọn láti fi parí àyẹ̀wò, àyàfi tí ìpínlẹ̀ bá ní òǹkà tirẹ̀. Ní Texas tí mo wà, ọjọ́ ilé-ìwé 45 ni.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń bà yín, torí èmi kọ̀, mi ò fọwọ́ sí tèmi. Àkọ́bí mi ọkùnrin ni. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe odi. Ọdún kan gbáko kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ilé-ìwé dé, tí mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí, á ní “bọ́ọ̀lù”, á dákẹ́, á na ọwọ́ síbì kan, ẹkún á gbà á. Láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Wọ́n wá ń pè é ní oníjà. Orúkọ tí mo ń sá fún kò tó èyí burú. Ọdún yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ńkọ́? Ilé kan náà, oyún kan náà, Yorùbá kan náà. Bí Yorùbá bá ń da ọmọ lórí rú, kí ló dé tí kò da Táyé lórí rú? Èdè méjì kì í sọ ọmọ di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ní ìṣòro èdè lóòótọ́, á hàn nínú èdè méjèèjì. Èyí tó bá hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè jẹ́ pé Yorùbá ló ń tẹ̀ lé. A ò ní th, ọmọ wa á pe three ní tree. A ò ní z, zoo á di soo. Kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ wa, méjì kì í sì í tẹ̀ lé ara wọn, ìdí nìyẹn tí bread fi di búrẹ́dì. “Ó” la fi ń pe ọkùnrin, òun náà la fi ń pe obìnrin, kò yani lẹ́nu tí ọmọ bá pe ìyá rẹ̀ ní he. Ajá kan, ajá méjì, ajá kò yí padà; tó bá ní two dog, kì í ṣe àìsàn.

Òfin náà mọ èyí. Ní 1970, àwọn òbí ọmọ Mexico ní California lọ sí kóòtù, torí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dán àwọn ọmọ tó ń sọ Sípáníìṣì nílé wò, wọ́n sì kó wọn sí kíláàsì àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò pé. Lónìí, èdè ọmọ ló yẹ kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò tó bá ṣeé ṣe, wọn ò sì gbọdọ̀ torí pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán sọ pé ó ní àléébù.

Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé speech therapist yẹn ò gbọ́ Yorùbá rí láyé rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ etí fún un. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ Kẹ́hìndé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé, ní Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá ní kó gbé bàtà wá kó sì ti ilẹ̀kùn, ṣé méjèèjì ló ń ṣe? Ṣé ó lè sọ ìtàn Ìjàpá padà, kí ìbẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìparí? Ṣé ohùn ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀? Tó bá ń bá ìyá ọkọ yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣé wọ́n ń gbọ́ ọ, àbí Táyé ló ti di ògbufọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìtumọ̀ sí i, kẹ́ ẹ mú un lọ. Ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, torí omi inú etí lè fa irú èyí.

Tí wọ́n bá ní ó nílò ìtọ́jú, ẹ máa jókòó pẹ̀lú wọn kọ IEP, ìwé tó ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó lè ṣe láàárín ọdún kan. Ẹ lè ní kí wọ́n wá ògbufọ̀. Tí àyẹ̀wò wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè béèrè pé kí ẹlòmíì tún un ṣe.

Ti ọmọ tèmi, nígbà tí mo wá fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn ọmọ mẹ́ta yí tábìlì kékeré kan ká. Wọ́n ń to àwòrán: kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí ló tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń kọ́ ọ bi mí bóyá mo lè máa ṣe é ní Yorùbá nílé. Àlọ́ ni mo fi ṣe é.

Torí náà, ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ nílò wọn, kí wọ́n máa pa àlọ́ fún Kẹ́hìndé lórí fóònù ní alẹ́ Sátidé, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ ọ́ padà fún wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kí Táyé dákẹ́ títí yóò fi parí.