Kí màmá rẹ kó gbogbo oògùn wọn sínú láílọ́ọ̀nù kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé

Ọmọ mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní Èkó lo wà, màmá rẹ wà ní Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo, wọ́n ní ásímà, wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. O ní ilé ìwòsàn ní kí wọ́n wá kópa nínú ìwádìí ọdún kan lórí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. O wá ń béèrè pé ṣé kí wọ́n fọwọ́ sí i, àti pé ṣé kí wọ́n dá ínhélà dúró kí wọ́n tó lọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró. Èmi náà ti kópa nínú irú ẹ̀ rí. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, èlùbọ́ ni mo ń tà ní Igbónà báyìí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti ásímà ti jọ ń bá a bọ̀. Kí wọ́n kópa. Ṣùgbọ́n má tíì pè wọ́n, ka èyí tán ná.

Ínhélà búlúù, èyí tó ń ṣí ihò èémí lójú ẹsẹ̀, nìkan ni mo mọ̀ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní èkejì tó ń wo wíwú inú ihò èémí. Bí mo bá jọ èlùbọ́ tí ìyẹ̀fun ẹ̀ bá wọ imú mi, màá fà á símú. Bí ọyẹ́ bá dé, màá fà á símú. Ó di ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, ó di méjìlá. Nígbà tó yá, ọkàn mi ń sáré, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè ka owó fún oníbàárà. Oògùn búlúù yẹn fúnra ẹ̀, tí èèyàn bá ti lò ó jù, ló máa ń fa ìyẹn, mi ò mọ̀. Mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ga, ó gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù kìkìkì, ó kọ propranolol, oògùn tó ń dín ìlù ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ínhélà wà nínú báàgì lórí itan mi. Kò bi mí pé kí ni mo ń lò.

Mo lo ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ náà, mo lo òmíràn láàárọ̀, mo tún lo ti alẹ́. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo ta jí, àyà mi ti dì. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, èjìká mi gòkè títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ẹni tí kò ní in máa ń rò pé mímí sínú ló nira. Irọ́ ni. Mímí síta ni. Èémí wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, òmíràn tún ń wọlé lé e lórí. Mo fa ínhélà lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣe nǹkan kan. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i. Oògùn tó ti ń gbà mí láti ọdún pípẹ́, àfi bíi pé wọ́n dà á nù tí wọ́n rọ omi sí i. Ọkọ mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, ó ń pe orúkọ mi. Aládùúgbò wa gbé epo pupa dé pé kí n lá a. Mo ń mi orí fún un pé rárá, torí mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọlọ́kadà kan tí mo kọ́ ní prámárì ló gbé wa láti Alékúwodò, èmi láàárín, ọkọ mi lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú kí n má baà já bọ́.

A dé ibẹ̀, ẹni tó wà ní tábìlì ní ká lọ gba káàdì. Káàdì! Ètè mi ti dúdú. Ọkọ mi tí kì í gbóhùn sókè sí èèyàn kígbe mọ́ ọn lóru yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu sí mi nímú ni iná lọ. Wọ́n ní ká wá owó epo jẹnẹrétọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dìde. Ó mú ike omi tí ẹnìkan mu tán, ó fi irin gbígbóná lu ìdí ẹ̀, ó ki ẹnu ínhélà bọ ihò náà, ó ní kí n fi ẹnu mi bo ẹnu ike. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ní, "Ẹ fà á, Màmá. Ẹ rọra. Ẹ tún fà á." Ó gún mi ní hydrocortisone, abẹ́rẹ́ tó ń dín wíwú ihò èémí kù. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó lè sọ gbólóhùn kan parí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé dókítà kan, Heather Zar, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Cape Town ti gbé e jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 1999 pé ike tí wọ́n fi ṣe báyìí ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọdé tí ásímà gbé dè bíi èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Jẹ́ kí ọ̀kan wà nílé màmá rẹ. Ike 500 mililita ni.

Wọ́n dá mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ. Mo lò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì mo tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Ibẹ̀ làwọn tó ń ṣe ìwádìí ti rí mi. Ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì wọn bá mi sọ ni pé kí ọmọ mi lọ kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá, ti òyìnbó, àgbo, ìpara, èyí tí mò ń kán sójú, gbogbo ẹ̀. Ó da láílọ́ọ̀nù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣà á. Ó dé orí propranolol, ó dúró. "Ta ló kọ èyí fún yín, Mà?" Oògùn yẹn máa ń ti ilẹ̀kùn tí oògùn búlúù ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fà á símú lásán. Láti 1964 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú Lancet pé kò yẹ ẹlẹ́sìímà! 1964! Wọ́n yí tèmi padà sí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ọkàn mi sì balẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Torí náà, bi màmá rẹ léèrè orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò lónìí. Tó bá jẹ́ atenolol tàbí bisoprolol, ìdílé propranolol ni wọ́n, ewu wọn ò tó tiẹ̀, àmọ́ kí dókítà mọ̀ pé wọ́n ní ásímà, kí wọ́n má sì ṣàdédé dá a dúró fúnra wọn, torí ìyẹn náà lè da ọkàn rú. Timolol tí wọ́n ń kán sójú fún glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ ojú, ìdílé propranolol kan náà ni. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kì í ti ẹ̀dọ̀fóró pa, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ásímà. Alábùkún ńkọ́? Aspirin ló wà nínú ẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìímà kan wà tí aspirin tàbí ibuprofen máa ń dè lójú ẹsẹ̀. Màmá wa kan nínú ọjà ò mọ̀, orí fífọ́ ló lò ó fún.

Ti ìwádìí fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pín èèyàn sí ọ̀wọ́ láti dán oògùn wò, kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń pín wọn, dókítà kọ́ ló ń yàn. Kí màmá rẹ béèrè pé oògùn wo ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà, kí wọ́n sì rí i pé kò sí ọ̀wọ́ tí wọ́n máa fi búlúù nìkan sílẹ̀ fún. Ìwádìí méjì tí wọ́n ń pè ní SYGMA jáde ní 2018, àwọn tó wà nínú méjèèjì pọ̀ ju 8,000 lọ, budesonide tó ń wo wíwú àti formoterol tó ń ṣí ihò èémí, nínú ínhélà kan, ni wọ́n dán wò. Ní 2019, GINA, àwọn tó ń ṣe ìlànà ásímà fún gbogbo ayé, wá sọ ọ́ pé àgbàlagbà kankan ò gbọ́dọ̀ dá lo búlúù mọ́ láìsí èyí tó ń wo wíwú tó wà nínú ihò èémí. Títí di òní, ó ṣì wà ní Òṣogbo yìí tí wọ́n ń kọ búlúù nìkan fún èèyàn. Ó máa ń dùn mí.

Fọ́ọ̀mù mi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ojú ìwé mọ́kànlá. Mo lè kà á torí olùkọ́ ni mí. Ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì tẹ ìka sí i láìmọ ohun tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e wá ń wo aago. Kí wọ́n ka tiwọn sí wọn létí ní Yorùbá, kí ìwọ wà lórí fóònù, kí wọ́n gba ẹ̀dà kan lọ sílé. Kí o béèrè lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, àti ti NAFDAC tó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n ń dán wò. Ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè jáde, ìtọ́jú wọn ò sì gbọ́dọ̀ dúró torí ẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń dẹ́rù bà ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọdé ní Kano ní 1996 nígbà tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn wọn, Trovan, wò kò ṣeé gbàgbé, ọ̀rọ̀ bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìdánwò ni ló di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ.

Èyí tó tún dùn mí ni ìparí. Oṣù méjìlá ni mo fi gba ínhélà tó dára lọ́fẹ̀ẹ́, oorun mi padà bọ̀ sípò, mo ń gòkè Òkè-Fíà láì dúró. Ọjọ́ tó parí, owó ọkọ̀ àti ìwé ọpẹ́ ni wọ́n fún mi. Mo lọ béèrè iye ínhélà náà ní ilé oògùn, mo padà sílé láì rà á. Èsì ìwádìí pàápàá, kò sẹ́ni tó pè mí láti sọ ọ́. Kí màmá rẹ béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: tí ọdún bá pé, ta ló máa ra oògùn? Kí wọ́n kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀.

Tí wọ́n bá ṣì ń fi igi tàbí kẹrosín dáná, ìyẹn náà kan ọkàn. Ní Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí, aboyún 324 ni wọ́n pín, wọ́n fún àwọn kan ní ààrò tó ń lo ethanol, àwọn yòókù ń bá igi àti kẹrosín wọn lọ. Èsì ẹ̀ jáde ní 2017: ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru ti ìsàlẹ̀, nọ́ńbà kejì tí wọ́n máa ń kọ, dára jù lára àwọn tó gba ààrò tuntun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè rẹ kejì. Fífẹ́ ẹ̀rọ ò le. Búlúù, kí wọ́n fi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kí wọ́n má dá a dúró àfi tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí bá sọ iye wákàtí gan-an fún wọn. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n lò ó. Bí àyà bá dì wọ́n lójú ọ̀nà, kí wọ́n fa búlúù, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n bá débẹ̀, àyẹ̀wò lè di ọjọ́ mìíràn. Kí wọ́n má jẹ iyán yó lọ, kí wọ́n tú ìró tó fún wọn nínú.

Kọ orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn síbí kí ilẹ̀ tó ṣú.