Mo fẹ́ fi ṣájà ọkọ̀ oníná sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kóńdò wa: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú kóńdò kan, ìyẹn ilé alájà púpọ̀ tí onílé kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ nínú rẹ̀, ní Silver Spring, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ní àjà kẹfà. Àyè ìgbọ́kọ̀sí kan wà lábẹ́ ilé tó jẹ́ tiwa nínú ìwé ilé. A fẹ́ ra ọkọ̀ oníná mànàmáná, ṣùgbọ́n kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan nítòsí àyè náà. Oníṣẹ́ iná kan sọ fún wa pé ṣájà ámpù 48 (ámpù ni ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) ló yẹ ká fi síbẹ̀, owó tó sì pè bà wá lẹ́rù. Alága ìgbìmọ̀ ilé ní tirẹ̀ sọ pé iná ilé kò lè gbé e rárá. Ìrìn wa lójúmọ́ kì í ju máìlì 35 lọ. Ọ̀rọ̀ ta ni ká tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì, níbo ni ká sì ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìmúra ọkọ̀ tuntun o. Kí n tó dárúkọ ṣájà kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ìrìn yín ń gbà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná yẹn àti ọ̀rọ̀ alága yín ti lè yanjú pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná tó wà ní ìgboro báyìí máa ń rin nǹkan bíi máìlì 3 sí 4 lórí yúnìtì kan, ìyẹn yúnìtì kan náà tí a ń rà sórí mítà ní Nàìjíríà, tí àwọn onímọ̀ iná ń pè ní kílówáàtì-wákàtí. Máìlì 35 yín yóò gba nǹkan bíi yúnìtì 10 lójúmọ́. Nígbà òtútù, tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, ẹ fi í sí 14.

Ní ilé alájà púpọ̀ bíi tiyín, fóltì 208 ni iná tí a sábà máa ń bá níbẹ̀, kì í ṣe fóltì 240 tí ilé àdágbé ń lò. Ámpù 16 lórí fóltì 208 jẹ́ kílówáàtì 3.3, ìyẹn yúnìtì 3.3 ní wákàtí kan. Èyí túmọ̀ sí pé yúnìtì 10 yín yóò ti wọlé láàárín wákàtí 3 àti díẹ̀, ti ìgbà òtútù kò sì ní pé wákàtí 5. Tí ẹ bá ki wáyà bọ ọkọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ sì yọ ọ́ ní aago mẹ́fà ìdájí, yúnìtì 26 ló lè jáde láti ara ògiri, ìyẹn á sì gbé yín rin nǹkan bíi máìlì 80. Kí wá ni ẹni tó ń rin máìlì 35 fẹ́ fi ámpù 48 ṣe? Mi ò sọ pé oníṣẹ́ iná yẹn tàn yín. Ohun tó yẹ ilé àdágbé, níbi tí gbogbo iná ti jẹ́ ti onílé nìkan, ló gbé wá sínú kóńdò, bẹ́ẹ̀ ní kóńdò, gbogbo ámpù tí ẹ bá béèrè ni ẹ máa fi wáyà tó nípọn sí i àti bírékà tó tóbi sí i san, ara ohun tí àwọn aládùúgbò yín ìbá lò ni yóò sì ti jáde.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé ámpù kékeré yóò ba bátìrì jẹ́. Àpótí tí a ń kàn mọ́ ògiri, tí gbogbo wa ń pè ní ṣájà, kọ́ ló ń yí iná padà fún bátìrì. Inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn wà. Iṣẹ́ àpótí ara ògiri ni láti sọ iye ámpù tí ọkọ̀ lè fà fún un, kó sì já iná bí ewu bá yọjú. Nítorí náà, ẹ lè ra àpótí tó lágbára dé ámpù 48, kí oníṣẹ́ iná sì ṣètò rẹ̀ pé kó má kọjá 16, ọkọ̀ yóò sì gbà bẹ́ẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ti fóltì 120, tí a fún ní bírékà tirẹ̀, lè fi ámpù 12 gbé nǹkan bíi yúnìtì 11 láàárín wákàtí 8. Ìyẹn lè tó yín ní ìgbà ooru, ṣùgbọ́n kò ní tó lóṣù kìíní, mi ò sì rò pé ó tọ́ kí ẹ náwó gbé páìpù kọjá gbogbo abẹ́ ilé nítorí rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ alága. Bóyá iná ilé lè gbé e tàbí kò lè gbé e, a kì í fojú wò ó, a kì í sì í fẹnu sọ ọ́. Wíwọ̀n ni a ń wọ̀n ọ́. Ẹ kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fún yín ní ìwé owó iná ilé ti oṣù 12 tó kọjá, ti àwọn ohun àjọlò ni mo ń wí, bí ẹ̀rọ agbéniròkè, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lórí ìwé owó iná ilé ńlá, yàtọ̀ sí iye yúnìtì tí wọ́n lò, wọ́n sábà máa ń kọ iye kílówáàtì tó ga jù tí ilé fà lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù. Iye yẹn ni ẹ ń wá. Òfin iná tí a ń lò ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní NEC, gbà kí a mú èyí tó ga jù nínú ọdún kan, kí a fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kún un, kí a sì wò ó bóyá ohun tó ṣẹ́ kù lábẹ́ agbára bírékà ńlá ilé tó gba ẹrù tuntun. Bí àkọsílẹ̀ ọdún kan kò bá sí, a lè so ẹ̀rọ tó ń ka iná mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ńlá, ìyẹn àpótí tí àwọn bírékà ilé wà nínú rẹ̀, fún ọjọ́ 30.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní bírékà ńlá ti àjọlò jẹ́ ámpù 800 lórí fóltì 208 oníféèsì mẹ́ta, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 288. Ká ní èyí tó ga jù tí ilé fà láàárín ọdún jẹ́ 150. Tí a bá fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kún un, ó di 187.5, ó sì ku nǹkan bíi 100. NEC ka ṣájà ọkọ̀ sí ẹrù tí kì í sinmi, nítorí náà bírékà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ohun tó ń fà lọ: ámpù 16 ń béèrè bírékà 20, ámpù 48 ń béèrè bírékà 60. Iye bírékà yìí ni a fi ń ṣírò. Bí gbogbo ènìyàn bá gbé ṣájà ámpù 48 wá, ẹni 8 péré ni 100 yẹn máa gbà. Bí ó bá jẹ́ ámpù 16, ó gba ènìyàn 24. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti gbé ámpù 48, ẹni kẹsàn-án yóò ní láti dúró de ìgbà tí ilé bá rí owó tún iná rẹ̀ ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ mànàmáná, èyí tó lè gba oṣù púpọ̀, tó sì lè ná owó tí apá ẹnikẹ́ni kò ká. Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: ẹni mélòó kan tó tètè dé á gba gbogbo àyè tó wà, àwọn tó kù á sì máa rò pé òfin tàbí ìgbìmọ̀ ló dí wọn lọ́nà.

Ọ̀nà kan tún wà tí NEC fọwọ́ sí, tí mo máa ń rọ àwọn ìgbìmọ̀ láti gbà, ìyẹn ni kí àwọn ṣájà máa bára wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa pín iná lò. Pánẹ́ẹ̀lì ámpù 100 kan lè gbé ámpù 80 láìdáwọ́dúró. Tí kò bá sí ètò ìpínlò, ọkọ̀ 5 ni ámpù 16 yóò kárí. Pẹ̀lú ètò náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ámpù 6 ni èyí tó kéré jù tí ọkọ̀ lè gbà lórí irú ṣájà yìí, ọkọ̀ 13 lè so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bátìrì ọ̀kan bá ṣe ń kún ni ìpín àwọn tó kù á máa pọ̀ sí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ìgbìmọ̀ yín bá lè gbà láti fa wáyà ńlá kan ṣoṣo dé pánẹ́ẹ̀lì tuntun láàárín ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí onílé kọ̀ọ̀kan wá san owó láti pánẹ́ẹ̀lì yẹn dé àyè tirẹ̀ nìkan, owó tí ẹ máa ná yóò wálẹ̀ gan-an sí èyí tí wọ́n pè fún yín.

Bí wọn kò bá gbà, ẹ wo ibi tí mítà ilé yín wà. Ní àwọn ilé kan, gbogbo mítà ló wà nínú yàrá kan nísàlẹ̀, a sì lè ya wáyà kúrò lẹ́yìn mítà tiyín lọ sí àyè yín, kí owó rẹ̀ máa wọnú ìwé owó iná yín tààrà, bí ìṣirò bá fi hàn pé iná inú ilé yín lè gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àjà kẹfà lọ́hùn-ún ni mítà wà, wáyà yóò ní láti la ilẹ̀ àjà mẹ́fà kọjá, gbogbo ibi tó bá sì ti lu ilẹ̀ tàbí ògiri tó ń dá iná ọmọ ọ̀rara dúró ni a gbọ́dọ̀ fi ohun tí iná kì í jó dí padà. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹ fà á láti pánẹ́ẹ̀lì àjọlò, kí ẹ sì fi mítà kékeré tirẹ̀ sí i, kí ẹ máa san iye tí ilé ń san lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Iye kan pàtó lóṣooṣù, tí kò bá ohun tí ẹ lò mu, máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onílé.

Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni wáyà ṣe ń nípọn tó. Wáyà bàbà nọ́ńbà 12 tó fún bírékà ámpù 20 nítòsí, ṣùgbọ́n bí àyè yín bá jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 250 sí pánẹ́ẹ̀lì, fóltì tó máa dànù lójú ọ̀nà yóò ju ìdá 7 nínú 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá 3 ni NEC dámọ̀ràn pé kó má kọjá. Nọ́ńbà 8 ni ẹ máa nílò, torí bí nọ́ńbà wáyà bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń nípọn tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá pe owó fún yín pé kó kọ ìwọ̀n ọ̀nà àti nọ́ńbà wáyà sínú ìwé. Èyí tó bá pe owó láìwọn ọ̀nà, ẹ má gbà á.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu kọnkéré láìṣe àyẹ̀wò. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé ní okùn irin tí wọ́n fà le nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n sì fi agbára tó ju páùnù 30,000 lọ fà. Bí irin ìlukọnkéré bá gé ọ̀kan, ó lè ya jáde kó ṣe ènìyàn léṣe, ilẹ̀ ilé á sì pàdánù lára ohun tó gbé e dúró. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń ti lórí kọnkéré, tó ń fi ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan gbà hàn kí a tó lu ihò. Owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé iye owó. Níbi tó bá ṣeé ṣe, kí páìpù máa gba ara àjà kọjá dípò kó lu ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ṣájà mọ́ wáyà tààrà, kí ẹ má gba sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún sítóòfù, tí a wá ń fà iná lára rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lálaalẹ́, máa ń gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi dúdú, tí ẹnu irin rẹ̀ á sì dẹ̀. Kí oníṣẹ́ iná sì fi irinṣẹ́ tó ń wọn agbára ìdèmọ́lẹ̀ dé gbogbo ìdè wáyà, bí ìwé ṣájà ṣe sọ, nítorí ìdè tó dẹ̀ ló máa ń fa irú ìgbóná yìí.

Ní ti òfin, ọwọ́ yín mọ́. Òfin Maryland tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2021 sọ pé ìlànà kóńdò tó bá ka ṣájà léèwọ̀, tàbí tó dí i lọ́nà tí kò bọ́gbọ́n mu, ní àyè tó jẹ́ ti onílé tàbí tí a yà sọ́tọ̀ fún un, kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ kò bá kọ ìwé pé àwọn kò gbà láàárín ọjọ́ 60 tí wọ́n gba ìbéèrè yín, ó ti di pé wọ́n gbà, àfi bó bá jẹ́ pé àlàyé tó tọ́ ni wọ́n ṣì ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ni ẹ máa gbé owó fífi ṣájà náà síbẹ̀, ti iná tí ẹ lò àti ti ohunkóhun tó bá bàjẹ́, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Àwọn ìgbìmọ̀ sábà máa ń béèrè ìwé adójútòfò pẹ̀lú. Ẹ tètè bá iléeṣẹ́ adójútòfò yín sọ ọ́. California, Florida, Virginia àti Colorado ní òfin tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kí ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ ka ti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì gbé ìṣirò owó yín lé ẹ̀dínwó owó-orí ìjọba àpapọ̀, torí òfin ọdún 2025 ti fi òpin sí i fún ṣájà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2026.

Nínú ìwé tí ẹ máa kọ sí ìgbìmọ̀, ẹ fi àwòrán ọ̀nà tí páìpù máa gbà sí i, pẹ̀lú ìṣirò iná, ìwé àṣẹ oníṣẹ́ àti orúkọ ṣájà, kí wọ́n má bàa rí ìdí láti máa dá ọjọ́ 60 yẹn dúró. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n gbà á yóò fi wà lọ́wọ́ yín. Bí ọjọ́ bá tilẹ̀ pé tí wọn kò fèsì, ẹ má lu ihò kankan títí oníṣẹ́ yín yóò fi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ iná lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Montgomery, tí Silver Spring wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí olùbẹ̀wò bá ti fọwọ́ sí i, kí a kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì pé ámpù 16 ni a ṣètò ṣájà náà sí, kí ẹ sì fún alábòójútó ilé ní ẹ̀dà kan, nítorí pé orí iye yẹn ni gbogbo ìṣirò dúró lé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sókè lọ́la gbọ́dọ̀ tún ìṣirò ṣe, kó sì tún gba ìwé àṣẹ mìíràn.