Ìhà Wo Ni Kí N Kùn Lórí Gíráàfù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́ wa. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń kọ́ l'Óṣogbo, mo sì ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nítorí WAEC. Wọ́n ní ká ya gíráàfù 3x − 2y > 6. Ìlà tí mo yà tọ̀nà, ṣùgbọ́n mo kun òkè rẹ̀ torí pé àmì "pọ̀ jù" ni mo rí. Wọ́n fàgi lé e. Kí ló dé? (Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú akitiyan. Mo ti rí àṣìṣe yìí nínú ìwé àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹnì kan ló kọ́ wọn pé "pọ̀ jù, kun òkè, kéré sí, kun ìsàlẹ̀." Àwọn àmì < àti >, tó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé Thomas Harriot, ará England, lọ́dún 1631, kò mọ òkè, wọn ò mọ ìsàlẹ̀. Iye ni wọ́n ń fi wé iye.

Jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò ìránṣọ. Ká ní ₦1,200 ló wà lọ́wọ́ rẹ, síìpù kan ₦200, róòlù òwú kan ₦300. Pe iye síìpù ní x, iye òwú ní y: 200x + 300y ≤ 1200. Fi 100 pín gbogbo rẹ̀, ó di 2x + 3y ≤ 12. Tó bá jẹ́ síìpù nìkan lo rà, 6 ni. Òwú nìkan, 4 ni. Fi rúlà so 6 orí x pọ̀ mọ́ 4 orí y. Síìpù 3 àti òwú 2 bọ́ sórí ìlà gan-an, owó tán géérégé. Síìpù 5 àti òwú 3 jẹ́ ₦1,900: ó ti kọjá ìlà, ọlọ́jà ò ní gbà. Tó ò bá ra nǹkan kan ńkọ́? Odo, odo. Owó rẹ tó! Ìhà tí odo wà lo máa kùn. Ìlà gbọọrọ tí kò gé ni, torí o lè ná owó náà tán. Tó o bá gbọ́dọ̀ ṣẹ́ owó ọkọ̀ kù, ₦1,200 gan-an kò sí nínú ẹ̀ mọ́; gé ìlà náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ó wá kan tìrẹ. Fi odo sípò x àti y: ṣé 0 > 6? Irọ́ ni. Nítorí náà, ìhà kejì lo máa kùn, ìyẹn ìsàlẹ̀ ìlà, lápá ọ̀tún. Tó o bá fẹ́ kí y dá dúró, −2y > 6 − 3x ni wàá kọ́kọ́ rí. Bó o bá ti fi −2 pín in, àmì gbọ́dọ̀ yíjú padà: y < 1.5x − 3. Ẹni tó ní ₦5 lówó ju ẹni tó ní ₦3, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè ₦5 ló tòṣì ju ẹni tó jẹ ₦3. Ohun tí máínọ́ọ̀sì ń ṣe nìyẹn.

Tí ìlà bá gba orí odo kọjá, bíi y > 2x, mú ibòmíràn dán an wò. Kó o sì ka ìbéèrè tán kó o tó mú pẹ́ńsù, torí àwọn kan máa ń ní ká kun ibi tí a kò fẹ́, kí ibi tí a fẹ́ wà ní funfun.

Ya 3x − 2y ≤ 6 fún mi, kó o fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ rí irú ìlà tó o máa lò.