Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Bí A Ṣe Ń Wọlé Kẹ́kọ̀ọ́ Gboyè Gíga Nípa Obìnrin àti Fẹ́míníìsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní FUTA, ní ẹ̀ka tó ń mú ìmọ̀ tuntun lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko. Two-one ni mo fi jáde, mo sì ti sìnrú ìlú tán. Ẹ̀kọ́ nípa fẹ́míníìsì, ìyẹn ìrònú nípa ẹ̀tọ́ àti ipò obìnrin láwùjọ, ló wù mí báyìí. Ṣé wọ́n á gbà mí nígbà tí n kò kà á rí? Ibo ni kí n kọ̀wé sí? — Arábìnrin láti Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́

ÈSÌ: Wọ́n lè gbà yín dáadáa. Inú ìtàn, òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ẹ̀kọ́ yìí ti wá. Ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ni ìbéèrè tó ṣe kedere, àti ẹ̀rí pé ẹ lè tọpinpin rẹ̀ débi ìdáhùn. Nítorí náà, ẹ má fi iṣẹ́ àgbẹ̀ yín pamọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà. Ta ló ń fọ́ kòkó, ta ló ń sá a? Orúkọ ta ló wà lórí ilẹ̀, ọwọ́ ta sì ni owó ń bọ́ sí nídìí ìwọ̀n? Bí ọkọ bá kú, ta ni oko náà ń bá lọ? Ẹni tó ti bá àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè jókòó, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ oko, ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ka ìwé nìkan.

Nílé, Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀kọ́ Gender Studies, ẹ̀kọ́ nípa ipò ọkùnrin àti obìnrin láwùjọ. Ibẹ̀ náà ni WORDOC wà, ibùdó ìwádìí àti àkójọ ìwé nípa obìnrin tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bolanle Awe wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ lọ sókè òkun, ẹ kọ́kọ́ wá àyè lọ kàwé níbẹ̀. Ní Áfíríkà, Makerere ní Ùgáńdà ní odidi ilé ẹ̀kọ́ kan fún un. Ní Yúróòpù, ẹ wo Central European University ní Vienna, àti GEMMA, másítà ọlọ́dún méjì tí Yunifásítì Granada ń darí, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní yunifásítì méjì. Ní Amẹ́ríkà, University of California (UC) ní Santa Barbara àti ní Santa Cruz ń pe tiwọn ní Feminist Studies. Àwọn mìíràn ń pè é ní Women's, Gender, and Sexuality Studies. Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni kí ẹ fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo wá a yóò pàdánù ìdajì.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ń gba ènìyàn sí PhD láti oyè àkọ́kọ́, wọ́n sì ń san owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ fún un, kí òun náà máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì. Másítà nìkan kì í sábà ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù, másítà ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí PhD tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Oṣù wo ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀? Mo gbọ́ pé transcript, ìwé àkójọ máàkì, máa ń pẹ́. — Láti Yaba, Oǹdó

ÈSÌ: Ó máa ń pẹ́ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà ń ti ilẹ̀kùn láàárín ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá àti àárín Oṣù Kìíní, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ tàbí Ìkẹsàn-án. Ẹ béèrè transcript ní Oṣù Karùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlànà dáadáa kí ẹ tó sanwó: ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà ń gba ẹ̀dà tí ẹ fúnra yín gbé sórí póótà, ìkànnì tí a fi ń kọ̀wé wọlé, wọ́n á wá béèrè ojúlówó nígbà tí wọ́n bá ti gbà yín. Nílé ńkọ́? Yunifásítì yín ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ tààrà.

Lẹ́tà ẹ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń béèrè. Kí ó ti ọwọ́ olùkọ́ tó ka iṣẹ́ yín wá. Lẹ́tà pásítọ̀ tàbí ti olóyè àdúgbò kò ní ṣiṣẹ́, torí wọn ò lè sọ bí ẹ ṣe ń ronú lórí ìwé. Ẹ fún olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fi CV, orí ìwé kan nínú iṣẹ́ àṣejáde yín àti àlàyé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí i. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó lo ímeèlì yunifásítì, nítorí àwọn póótà kan kì í gba ti Yahoo tàbí Gmail.

Orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì àti páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ bá ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ tètè lọ búra nílé ẹjọ́, kí ẹ sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rọ̀ Lóbùn, ọba obìnrin ìlú wa, ni mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Mo ti kọ statement of purpose, ìwé tí a fi ń sọ ohun tí a fẹ́ lọ kọ́ àti ìdí rẹ̀; gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé, «Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹ̀tọ́ obìnrin.» Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. — Ọmọ Oǹdó Ẹkùn

ÈSÌ: Ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń kọ ọ́, kò sì sọ ohun kan nípa yín. Ẹ fi Lóbùn bẹ̀rẹ̀, torí dúkìá ńlá lẹ dì mú yìí. Ìtàn Oǹdó sọ pé obìnrin, Púpùpù, ló kọ́kọ́ jọba ìlú náà. Lóbùn tó jẹ́ ọba obìnrin títí dòní ló sì ń kópa nínú fífi Ọṣemàwé, ọba Oǹdó, jẹ. Ní Àkúrẹ́, bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń di adélé, tí yóò máa múra bí ọkùnrin títí wọ́n á fi fi ẹlòmíràn jẹ. Ẹ fi méjèèjì wéra: kí ló dé tí agbára obìnrin fi jẹ́ oyè títí láé ní Oǹdó, tó sì jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ ní Àkúrẹ́? Àṣẹ wo ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú kúrò lọ́wọ́ Lóbùn nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ọkùnrin ìlú nìkan ṣèpàdé? Ìbéèrè nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ẹni tí ẹ ń bá jiyàn. Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ọ́ pé ọjọ́ orí àti ipò àgbà ló ń pín àwọn Yorùbá sí ìpele kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ tàbí abo. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò ó. Ibo lẹ dúró sí, kí sì ni Oǹdó fi hàn? Ẹ wá sọ ibi tí ẹ̀rí máa ti wá: àwọn fáìlì Ondo Province wà ní National Archives, Ìbàdàn, àwọn àgbà sì wà láàfin. Ní ìparí, ẹ dárúkọ olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta ní ẹ̀ka náà tí iṣẹ́ wọn bá tiyín mu. Ẹ rí i dájú pé wọn kò tíì fẹ̀yìntì. Ẹni tó dárúkọ olùkọ́ tó ti kúrò ti fi hàn pé òun kò wo ojú ewé wọn rárá.

Ọ̀rọ̀ 500 sí 1,000 ni wọ́n sábà ń fẹ́ fún statement náà. Iṣẹ́ àpẹẹrẹ (writing sample) tí wọ́n tún máa ń béèrè jẹ́ ojú ewé 15 sí 25. Ẹ má ṣe gbé gbogbo iṣẹ́ àṣejáde yín fún wọn. Orí kejì, tí a ti ń to «Lágbájá sọ pé» léra, ló máa ń sú wọn. Orí kẹrin tí ẹ ti ṣàlàyé ohun tí ẹ rí ni kí ẹ yọ, kí ẹ tún un kọ kó lè dá dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọkùnrin lè ṣe é? — Bọ̀dá kan ní Ìjàpọ̀

ÈSÌ: Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlànà kan náà ni fún gbogbo ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin fẹ́ kọ̀wé sí ilé-ìwé mẹ́jọ. Agbára mi kò ká a. — Ìyá kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

ÈSÌ: Ẹ kú ìnáwó, mà. Kó dín in kù sí mẹ́rin tó bá ìbéèrè rẹ̀ mu gan-an. Kó tó san owó fọ́ọ̀mù ní ibikíbi, kó kọ̀wé béèrè bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìyẹn lè ṣáájú ọjọ́ ìparí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka yìí kò béèrè GRE, ìdánwò àbáwọlé, mọ́. Kó má sì tíì san owó TOEFL tàbí IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn kan ń fojú fo ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Ọdún méjì péré sì ni èsì ìdánwò náà ń lò. Chevening, ètò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń sanwó másítà ọlọ́dún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ẹni tó bá rí i gbà sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì.

Fún Amẹ́ríkà, kó wádìí físà kó tó ná kọ́bọ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2025 ni wọ́n kéde ìdíwọ́ tó kan físà akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Bí ìdíwọ́ náà kò bá tíì kúrò nígbà tó bá fẹ́ kọ̀wé, kó fi Ìbàdàn, Makerere àti Vienna ṣáájú. Bí wọ́n bá gbà á sí ibì kan ní Amẹ́ríkà, kó béèrè bóyá wọ́n lè dá àyè rẹ̀ dúró fún ọdún kan.