Èsì: Autopilot ń kùn, síárìn kò yí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira o. Ẹ ní tí ẹ bá ti tan autopilot (ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀) ara síárìn ọkọ̀ onígbòkun yín, ẹ máa ń gbọ́ tó ń kùn, ṣùgbọ́n síárìn kò yí. Kíkùn yẹn gan-an dára: iná ń dé ibẹ̀, mọ́tò inú rẹ̀ ò tíì kú. Bẹ́líìtì eléyín inú rẹ̀, tí mọ́tò fi ń yí síárìn, ni mo fura sí.

Ẹ yọ fíúsì ná. Ẹ tú autopilot náà kúrò lára síárìn, kí ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí ẹ tó ṣí i, torí àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀ máa ń fò dànù. (Síkúrù tèmi kan ṣì wà nísàlẹ̀ odò Itchen, ní Southampton.) Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun dúdú, tí eyín bẹ́líìtì ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí eyín bá pé, ó ti dẹ̀ ni. Ẹ fà á le díẹ̀. Tó bá le jù, yóò máa mu bátìrì yín gbẹ.

Ẹ má fi gírísì pa bẹ́líìtì o! Mo ṣe é rí, ló bá ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Omi tí kò níyọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ti tó láti fi fọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá dá a padà, ẹ fi mítà wọn iná níbi wáyà rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá jẹ́ fóòtì 12.6, tí ibẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 11, wáyà ti dógùn-ún.