Èsì: Yẹ̀pẹ̀ wo ló dáa fún ata rodo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ewé ata rodo yín ń pọ́n rúsúrúsú, bẹ́ẹ̀ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nìkan lẹ rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Tí irú yẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń gba omi lójoojúmọ́, ṣe ló máa le gbagidi bíi bíríkì, gbòǹgbò ò ní rí ibi mí.

Èmi máa ń po abọ́ ilẹ̀dú méjì mọ́ abọ́ yanrìn odò kan àti abọ́ ìgbẹ́ adìyẹ kan. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà o, kì í ṣe tútù! Èyí tí mo kọ́kọ́ lò ṣì ń gbóná lọ́wọ́ mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ata kéékèèké mi fi jóná. Ẹ kó o jọ fún bí oṣù mẹ́ta, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i, títí tí kò fi ní rùn mọ́. Yanrìn etí òkun ńkọ́? Rárá, iyọ̀ wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá pò ó tán, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, kẹ́ ẹ fi ìka tì í. Tó bá tú ká, ó ti tó. Tó bá ṣì dì bí amọ̀, ẹ fi yanrìn kún un. Àbí ẹ ò tiẹ̀ tíì lu ihò sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà?