Ẹ má tíì pa fọ́tò yẹn rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù mi ti kún, kò gba fọ́tò mọ́. Google Photos ti gbé àwọn àwòrán mi lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá fẹ́ pa ti inú fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. Ṣé okùn ni kí n fi kó ìyókù sínú kọ̀ǹpútà ni, àbí kí n lo áàpù? Tí nǹkan kan bá sì sọnù, áàpù wo ló dáa jù láti fi wá a padà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ okùn sílẹ̀ ná. Gbólóhùn tí ẹ sọ kọjá wẹ́rẹ́ yẹn ló já mi láyà: "mo wá fẹ́ pa ti inú fóònù rẹ́." Tí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, àwọn tó sì ń bi í lẹ́yìn tí fọ́tò ti lọ pọ̀ ju àwọn tó ń bi í ṣáájú lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé fọ́tò ti di méjì, ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan lọ́dọ̀ Google, àti pé ohun tó bá ṣe ti inú fóònù kò kan èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá pa á rẹ́ nínú áàpù náà. Sync ni áàpù yẹn ń ṣe, ìyẹn ni pé ó ń rí i dájú pé ohun tó wà nínú fóònù àti ohun tó wà nínú àkáǹtì yín bára dọ́gba. Yàrá kan ṣoṣo tó ní ilẹ̀kùn méjì ni. Bí ẹ bá gba ilẹ̀kùn fóònù wọlé tí ẹ kó ẹrù jáde, ẹ má retí pé ẹ ó bá a níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá gba ti kọ̀ǹpútà wọlé.

Bí ẹ bá tẹ àmì ìparẹ́ lórí fọ́tò tó ti gòkè (ìyẹn ni pé ó ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì) nínú Google Photos, ó ń kúrò nínú fóònù, ó ń kúrò nínú àkáǹtì, ó sì ń kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ fi àkáǹtì náà wọlé sí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó ya fọ́tò ara ògiri kan, kó jẹ́ kó gòkè tán, kó pa á rẹ́ nínú áàpù náà, kó wá ṣí photos.google.com lórí kọ̀ǹpútà. Kò ní bá a. Bákan náà ni iCloud Photos ti iPhone, ìyẹn ibi tí Apple ń kó fọ́tò pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn tiẹ̀ máa ń kìlọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fọ́tò náà yóò parẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ yín, àmọ́ àwa èèyàn kì í ka ìkìlọ̀, a kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ kọjá, ẹ sáré lọ wo Trash, ìyẹn ibi tí áàpù náà ń kó ohun tí ẹ pa rẹ́ sí. Ọjọ́ 60 ni Google Photos ń fi fọ́tò tó ti gòkè sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 30 ni fún èyí tí kò tíì gòkè. Lórí iPhone, Recently Deleted ni ẹ ó wá, ọjọ́ 30 náà ni.

Ohun tí ẹ ń wá wà nínú áàpù yẹn fúnra rẹ̀: Free up space. Òun ló ń yọ ẹ̀dà tó wà nínú fóònù nìkan, kìkì èyí tó ti gòkè ni ó sì ń yọ. (Ẹ̀yin tó ń lo iPhone, tí iCloud Photos bá wà ní títàn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Yóò pa ti iCloud rẹ́ mọ́ ọn.) Gálárì tó bá fóònù wá lè hùwà ọ̀tọ̀, orúkọ bọ́tìnnì sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò tí kò jámọ́ nǹkan dán an wò. Mi ò lè dúró fún fóònù tí mi ò fojú rí.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ṣé ó dá yín lójú pé gbogbo rẹ̀ ló ti gòkè? Ohun tí kámẹ́rà bá yà nìkan ni Google Photos sábà máa ń gbé láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Fọ́tò WhatsApp àti screenshot wà nínú fódà ọ̀tọ̀, ẹ̀yin lẹ ó wọ inú ètò áàpù náà lọ yan wọ́n. Àyè ọ̀fẹ́ pẹ̀lú kì í ṣe òkun: 15 GB ni, Gmail àti Drive sì ń bá yín jẹ níbẹ̀. Láti June 2021 ni fọ́tò ti ń kà mọ́ ọn. Tó bá ti kún, fọ́tò tuntun kò ní gòkè mọ́, ẹ lè má fura. Ti Apple kò ju 5 GB lọ. Tí ẹ bá sì yan Storage saver, ètò tó ń dín fọ́tò kù kó má gba àyè púpọ̀, ohun tí a gbé pamọ́ kì í ṣe fọ́tò bí ẹ ṣe yà á. Fọ́tò tó bá ju 16 MP (megapixel, ìwọ̀n bí fọ́tò ṣe tóbi tó) lọ, wọ́n á dín in kù.

Kódà tí gbogbo èyí bá tò, àkáǹtì kan ṣoṣo kò tó. Ẹlòmíì lè gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ lè gbàgbé password, Google sì lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́. Fọ́tò ìyá yín tó ti lọ, ti ọmọ yín nígbà tó wà ní jòjòló, ẹ má fi sí ọwọ́ ẹyọ kan.

Áàpù tó ń wá fọ́tò padà? Ẹ má fowó yín ṣòfò. Fóònù òde òní máa ń ti ohun inú rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Dandan ni lórí fóònù tó bá jáde pẹ̀lú Android 10 sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni iPhone. Bí ẹ bá ṣe factory reset, ìyẹn kí ẹ pa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́ kó dà bí tuntun, kọ́kọ́rọ́ yẹn ti parun nìyẹn, ẹni tó bá ní òun lè ṣí i ń purọ́ ni. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ń fi han èèyàn ni àwòrán kéékèèké tí gálárì ti ṣe sílẹ̀, wọ́n á wá ní kí ẹ sanwó. Wọ́n ti gba ààyè wọ inú gbogbo fáìlì yín kí ẹ tó mọ̀. Memory card nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tí a kò bá tì í: ẹ yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ya fọ́tò sí i mọ́, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Okùn ni kí ẹ lò. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ yan File transfer lójú fóònù, ẹ ṣí fódà DCIM, níbi tí fọ́tò kámẹ́rà wà. Ti WhatsApp wà nínú Android, media, com.whatsapp. Copy ni kí ẹ ṣe, ẹ má ṣe Cut, torí tí okùn bá yọ láàárín iṣẹ́, Cut lè mú fáìlì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye fáìlì àti ìwọ̀n wọn wé ara wọn, kí ẹ sì ṣí fídíò mélòó kan wò dé òpin. Lórí iPhone tí Optimize iPhone Storage (ètò tó ń fi ẹ̀dà kékeré sílẹ̀ nínú fóònù) bá wà ní títàn, fọ́tò gidi lè má sí nínú fóònù. Ẹ lọ sí iCloud.com lọ gbé e. Tí flash yín bá kọ fídíò gígùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ tí flash ń gbà to fáìlì) ni, kì í gba fáìlì tó bá ju 4 GB lọ. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí ẹ format rẹ̀ (ìyẹn kí ẹ nù ú mọ́ kí ẹ tún un tò) sí exFAT, èyí tó ń gba fáìlì ńlá.